Ọ̀nà Ọ̀fun Alákòóso

Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ Àǹtí yé nínú ẹbí. Bàbá wọn, kó tó kú, sọ fún gbogbo àlejò pé nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ará àdúgbò gbà pé oògùn ló ń tà, wọ́n á sì máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé pé kó bá àwọn wá nǹkan sí orí tó ń fọ́ àwọn. Ó ti ṣàlàyé títí ó fi sú u. Ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó gbọ́ àlàyé náà dópin, tó tún bèèrè ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méje, tí gbogbo ilé ń pè ní Alákòóso.

Orúkọ náà bá a mu rẹ́gí. Orí rẹ̀ ò ga ju tábìlì lọ, síbẹ̀ òun ló ń pín ìjókòó fún àlejò, òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí wọ́n máa pa tẹlifíṣọ̀n, tí ìyá rẹ̀ bá sì ń dáná, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Màámi, ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀ lónìí?" Kò sẹ́ni tó lè bá a bínú dọ́kàn.

"Àǹtí, kí lẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ yín gan-an?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

Àǹtí jókòó tì í. Ó ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn làwọn máa ń gbà, àwọn á wá fi ọgbọ́n dá àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó bí onítọ̀hún, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan ò tíì mọ̀ bóyá ojú lòun máa dà tàbí èékánná. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa tọ́ ọ sọ́nà díẹ̀díẹ̀, títí á fi di awọ inú ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí èémí ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Inú ife kékeré ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí.

"Kí lẹ wá ń fi ọ̀nà ọ̀fun inú ife ṣe?"

"A máa ń fi fáírọ́ọ̀sì sí i, ká lè rí ohun tó ń ṣe fún un, ká sì mọ oògùn tó lè dá a dúró."

Alákòóso rò ó wò. "Ó sàn kó máa yọ ife lẹ́nu ju kó máa yọ èèyàn lẹ́nu," ó wí, ó sì rán Àǹtí lọ bu omi wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fun kì í ṣe eré fún ọmọ náà. Tí ọ̀fìnkìn bá wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fun imú, wọ́n á fi apá aṣọ nu ún, ó parí. Tirẹ̀ á di ikọ́, ikọ́ á di kó máa mí gúlegúle, kí ilẹ̀ tó ṣú ìyá rẹ̀ á ti gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà. Wọ́n sọ gbogbo ohun tí kì í ṣe, wọn ò sọ ohun tó jẹ́.

Àǹtí ló lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní láàbù pé kó jẹ́ káwọn gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mọ́ tàwọn aláìsàn tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Ọ̀gá jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń wá awò rẹ̀ káàkiri nígbà tí awò náà wà lójú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. "Ẹbí rẹ ni," ó wí. "Ọkàn rẹ ò ní balẹ̀ nídìí ẹ̀." Àǹtí bẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí ọkùnrin náà fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má bàa pàdé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbà.

Iṣẹ́ náà ò ṣeé kánjú. Oṣù ń gorí oṣù. Àǹtí ń wọ ìbọ̀wọ́ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi, ó ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bí ẹni ń bọ́ ọmọ jòjòló, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tó kù ni wọ́n tò sínú ife kékeré méjìlá tí ìdí wọn jẹ́ asẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Oúnjẹ wà nísàlẹ̀ asẹ́, atẹ́gùn wà lókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú ọ̀fun èèyàn. Nígbà tó ṣe, irun tín-ín-tín hù lórí wọn, irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì síwá sẹ́yìn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì jáde bò ó. Lọ́jọ́ tí Àǹtí kọ́kọ́ rí irun yẹn tó ń fì lábẹ́ máíkírósíkópù, ṣe ló bú sẹ́kún. Ó ya fídíò rẹ̀ lọ fi han ẹni tó ni ín.

"Tèmi rèé?" Alákòóso bèèrè.

"Tìẹ ni."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má sinmi o."

Ọ̀fìnkìn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lẹ́yìn ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ le ju gbogbo èyí tó ti ń wá lọ. Ó dá ọmọ púpọ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n sì dìde. Alákòóso ò dìde. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àkànṣe, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, ìhà rẹ̀ ń wọnú tó bá ń mí, kò sì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá ìyá rẹ̀. Ó ní òun wọ bàtà wọlé, ọmọ òun wo òun, kò sì bá òun wí.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, sọ pé oògùn kan wà. Àìsàn mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, àwọn kan sì rò pé ó lè dá irú fáírọ́ọ̀sì tó fa ọ̀fìnkìn yìí dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà sì ti wú tẹ́lẹ̀. Ó pe Ọ̀gá lórí fóònù. "Tí ẹ bá fi hàn mí pé ó ṣiṣẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì ọmọ yìí gan-an, màá fún un," ó wí. "Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò lè fi ọwọ́ ara mi ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ lórí ohun tí kò dá mi lójú."

Ọ̀gá ní kí wọ́n lo ife mẹ́fà, kí wọ́n fi mẹ́fà pamọ́. Mẹ́ta tó wà lápá òsì máa gba fáírọ́ọ̀sì nìkan, mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún máa gba fáírọ́ọ̀sì àti oògùn. Iṣẹ́ tí Àǹtí lè fi ojú dídì ṣe ni. Kí èèyàn tó fi fáírọ́ọ̀sì lé e, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ orí ife kúrò: á rọra kán omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, á dúró díẹ̀, á fà á jáde, á tún un ṣe. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á há sínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò ní débi sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ èyí.

Ó fọ tapá òsì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó ṣe ń gbé omi iyọ̀ kọjá sí apá ọ̀tún, fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì ẹ̀yìn. Kò yẹ kí fóònù wà ní títàn nínú yàrá yẹn, ṣùgbọ́n ta ló máa pa fóònù lọ́sẹ̀ yẹn?

"Wọ́n ti ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́fun o!" Ẹ̀gbọ́n ń pariwo. "Wọ́n ní kò lè mí fúnra rẹ̀ mọ́! Ẹ̀rọ ló ń bá a mí! Àbúrò mi, wọ́n ti fún un lóògùn oorun, kò gbọ́ ohùn mi mọ́!"

Àǹtí bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lóṣòó ti ògiri. Ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ náà ìrànlọ́wọ́ ni, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti lo irú ẹ̀ tí wọ́n sì jí. Kò gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ìpè náà parí, ó sunkún, ó bọ́jú, ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi í sílẹ̀ fún. Ó gbé fáírọ́ọ̀sì lé gbogbo ife, ó fi oògùn sí tapá ọ̀tún, ó tò wọ́n sínú àpótí olóoru, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó pé. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí sí i lọ́rùn. Tapá òsì ti bà jẹ́: irun ti já, awọ náà ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri tí òjò ti pa. Àǹtí rọra sún pléètì náà. Tapá ọ̀tún dúró digbí. Irun rẹ̀ ń fì wéréwéré bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Àǹtí pariwo. Ọ̀gá jó, ijó tó dà bí ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sáré lọ pe dókítà. Dókítà ní òun máa ní kí wọ́n gbé oògùn náà jáde, òun á fún ọmọ náà lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tí Àǹtí pe Ẹ̀gbọ́n, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan bí kò ṣe igbe, lẹ́yìn náà ohùn àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bi í pé kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n sì ń dá wọn lóhùn pé, "Àbúrò mi ni! Àbúrò mi ti rí i!"

Ó yẹ kó lọ jẹun lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sì ń wá ohun tó dùn mọ́ ọn nínú, ló bá tún padà sídìí máíkírósíkópù kó lè wo àwọn irun yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wò wọ́n. Wọ́n ń fì. Wọ́n sì ń ti nǹkan kan lọ. Nǹkan náà ki, ó ń yí po lórí wọn bí gọ́ọ̀mù tí èèyàn ń rò nínú ìgò. Ó wo ife kejì, ó wo ìkẹta, bákan náà. Ó padà sí tapá òsì: kò sí nǹkan tó jọ ọ́ níbẹ̀ rárá.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ báyìí kì í jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ó rántí omi iyọ̀ tó gbé dání, ó rántí fóònù, ó rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ìbọ̀wọ́ tuntun, fáírọ́ọ̀sì ló rántí. Ó wá gbogbo inú orí rẹ̀ bóyá ó máa rí ibi tó ti fọ tapá ọ̀tún, kò rí i, torí kò fọ̀ ọ́. Fáírọ́ọ̀sì ti há sínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bóyá oògùn náà ṣe nǹkan kan, bóyá kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ láti ara ife wọ̀nyí.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Tó bá fọ ife mẹ́ta yẹn báyìí, ó parí. Ọmọ máa gba oògùn, oògùn náà sì lè ṣiṣẹ́, kí ló ní kó má ṣiṣẹ́? Tó bá wá ṣiṣẹ́ tí òun sì ti lọ sọ̀rọ̀, òun lòun pa ọmọ náà. Tí kò bá sì ṣiṣẹ́ tí òun panu mọ́, tí ẹ̀dọ̀ ọmọ náà bà jẹ́ lásán nígbà tó ń bá èémí jà, òun náà ni. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ibi kan náà ló ń já sí. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ó tún wò ó. Ojú rẹ̀ ríran.

Ọ̀gá wọlé, ó ń kọrin sínú. Ó rí ojú Àǹtí, orin náà sì dáwọ́ dúró.

"Ọ̀gá, mi ò fọ tapá ọ̀tún."

"Kí lo sọ?"

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ orí ẹ̀. Fóònù ló pè mí. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ọ̀gá wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú ọkùnrin náà ti dà bí ti arúgbó. "Mo sọ fún ẹ pé..." ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Èèyàn rere ni. "Mẹ́fà ṣì wà," ó wí. "Lónìí náà la máa tún un ṣe."

"Ṣé ọmọ náà lè dúró dè é?"

Ọ̀gá na ọwọ́ sí fóònù láti pe dókítà. Àǹtí dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ kàn ní kí wọ́n dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi, kí Ẹ̀gbọ́n mi má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ẹ̀gbọ́n wà lórí àga oníke ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó ti wẹ̀, ó ti lẹ pọ́dà, ó ti di irun rẹ̀ tó ti rí játijàti láti ọjọ́ yìí wá. Bó ṣe rí Àǹtí, ó fò dìde, ó sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. "Mo ti fojú rí i! Ìgò kékeré báyìí. Wọ́n ní ká dúró díẹ̀, mo mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń retí. Àbúrò mi àtàtà!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, torí ó mọ̀ pé tóun bá fà á gùn, ẹkún ò ní jẹ́ kóun parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò yí padà, pọ́dà yẹn sì wà lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé dókítà ti gbọ́?"

"Rárá."

"Má sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀dọ̀ rẹ̀..."

"Ẹ̀dọ̀ wo? Ẹni tí kò lè mí, kí ló fẹ́ fi ẹ̀dọ̀ ṣe?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Padà sílé. Sọ pé o wá kí wa. Kí wọ́n fún un. Tó bá jẹ́ oògùn ni, tó bá jẹ́ omi ni, kí wọ́n ṣáà fún un ní nǹkan kan."

"Mi ò lè ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀.

Obìnrin yìí ló pọn Àǹtí dàgbà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà, òun ló gbá a létí lọ́jọ́ tó kí i ní ìdúró níwájú àlejò. Ó kúnlẹ̀ báyìí lórí ilẹ̀ ọsibítù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà," bí ẹni ń bẹ ẹni tó jù ú lọ. Àǹtí ń fà á dìde, kò dìde, lòun náà bá wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe òun báyìí. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, tí wọ́n ń bẹ ara wọn, nígbà tí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ṣí.

Dókítà dúró lórí wọn, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. "Wọ́n ní kí n dúró dè yín," ó sọ fún Àǹtí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n kàn ń mi orí sí Àǹtí, díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń kìlọ̀ fún ọmọdé lójú àlejò.

"Àyẹ̀wò náà ò dára," Àǹtí wí látorí ilẹ̀. "Àṣìṣe mi ni. A ò tíì mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́."

Dókítà gba ìgò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wò ó, ó sì dá a padà fún un. "Ẹ gbé e padà," ó wí. Ó yíjú sí Àǹtí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ. Ẹ lọ tún un ṣe. Tí èsì bá ti jáde, ẹ pè mí nígbàkígbà."

Àǹtí na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó fà á dìde. Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ náà. "Àjèjì ò lè ṣe mí báyìí," ó wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀ dìde.

Àǹtí fọ ife mẹ́fà tó kù lójú Ọ̀gá. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù, ó ní kí Ọ̀gá náà wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó báyìí ti wà lára òun látẹ̀yìn wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i ju kí wọ́n dúró. Fáírọ́ọ̀sì ní ìgbà tirẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni kánjú. Àǹtí ń lọ sí wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́, Ẹ̀gbọ́n ń yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri lójoojúmọ́. Àǹtí wà lẹ́yìn àga yẹn bẹ́ẹ̀, ó ń wo àyà Alákòóso látojú gíláàsì bó ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ̀rọ ló ń gbé e.

Alákòóso ò dúró de èsì. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkàn ọmọ náà ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Àǹtí dúró lẹ́yìn àwọn èrò, láàárín àwọn tí kò mọ ọmọ náà dáadáa. Ìyá tó bí òun àti Ẹ̀gbọ́n wá fà á lọ́wọ́ pé kó bọ́ síwájú. Kò lọ. Ó gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń ké níwájú níbẹ̀, kò sì lè débẹ̀.

Ọ̀gá ní kó má wá wo èsì. Ó wá. Kò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó.

Tapá òsì ti bà jẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ó sún pléètì náà. Tapá ọ̀tún dúró digbí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ lórí wọn, ó mọ́, irun sì ń fì. Ó fi ojú sí i títí omi fi bo ojú náà, tí kò rí nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá rọra gba ìdí máíkírósíkópù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. Kò sẹ́ni tó jó.

"Ó ṣiṣẹ́," Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ọ̀fọ̀ lọ.

"Ká ní mo dákẹ́..."

"A ò mọ̀ nígbà yẹn. Ohun tó tọ́ lo ṣe."

Àǹtí kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ó ṣeé gbá mú ni, ì bá fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ó tọ́, ó tọ́, ọmọ sì wà nínú ilẹ̀. Ó di etí tábìlì mú.

"Ọmọ mìíràn wà ní wọ́ọ̀dù yẹn báyìí," Ọ̀gá wí lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́. "Fáírọ́ọ̀sì kan náà ni. Ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ṣì dára, a ò mọ̀ bó ṣe máa rí fún un, ṣùgbọ́n dókítà ń retí wa. Màá sì kọ ọ́ jáde kí gbogbo ayé rí i. Ṣé o gbà?"

Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀. Àmọ́ ó bèèrè.

"Ẹ pè wọ́n," Àǹtí wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é. Àǹtí bá a nínú yàrá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ìbọ̀sẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà jọ síwájú, ó ń wá èkejì sí wọn. Púpọ̀ ni kò ní èkejì. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀gbọ́n fi orí júwe àga fún un, ó sì ń bá ìbọ̀sẹ̀ lọ.

"Àyẹ̀wò kejì yẹn," ó wí. "Ṣé ẹ parí ẹ̀?"

"A parí ẹ̀, mà."

"Ṣé o fọ àwọn ife náà dáadáa?"

"Mo fọ̀ wọ́n. Ọ̀gá dúró tì mí."

Ẹ̀gbọ́n gbé ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ti ń lọ lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Mi ò sùn. Mo ní tí wọ́n bá fún un, bóyá. Tí mo bá ti ọ́ jáde kó o tó lanu, bóyá. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ohun tí wọ́n rò pé màá fẹ́ gbọ́ fún mi. Ìwọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ, o ò sì purọ́." Ó wo Àǹtí lójú, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ yẹn. "Ohun tó o bá sọ fún mi báyìí ni màá gbà. Oògùn yẹn ńkọ́?"

Àǹtí wo ojú náà. Ó ti rù, egungun rẹ̀ ti yọ.

"Kò ṣiṣẹ́," ó wí. "Bákan náà ni gbogbo ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe bà jẹ́."

"Tí wọ́n bá ti fún un ńkọ́?"

"Ìyà ni wọn ì bá fi jẹ ẹ́ lásán."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ tó ti ká sókè látọjọ́ yìí wálẹ̀. Ó sún mọ́ Àǹtí, ó gbé orí lé e láyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹkún ẹni tó máa rí oorun sùn. "O ṣeun," ó ń wí. "O ṣeun tó o sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Foríjì mí."

Àǹtí dì í mú, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn jẹ́jẹ́.